Bí Mo Ṣe Ń Fi Etí Kàwé Nídìí Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, télọ̀ kì í rójú wo nǹkan mìíràn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́ yọ sí Awùjalẹ̀ nínú ẹgbẹ́jọdá tirẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé láti kékeré, àmọ́ iṣẹ́ ti gba ojú, ó ti gba ọwọ́. Etí nìkan ló ṣẹ́ kù, òun náà ni mo wá fún níṣẹ́.

LibriVox, ìkànnì ìwé àfetígbọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni. Láti 2005 ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń ka ìwé síbẹ̀, ìwé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí wọn mọ́. Ẹ má wá ìwé tuntun débẹ̀ o. Ohùn wọn ò sì dọ́gba: nínú ìwé kan náà, ẹni tó ka orí kìíní lè dùn létí, kí ẹni tó ka ìkejì máa kà á bí akọ̀wé kóòtù. Nítorí náà, mo máa ń tọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín wò kí n tó gbà á sórí fóònù. Èmi ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wo orúkọ ìwé mọ́, òǹkàwé ni mò ń yàn.

Dátà tó ń jẹ ò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Fáìlì 64 kbps (ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ohùn ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kì í ju bíi 29 MB lọ fún wákàtí kan, ìyẹn ni pé ìwé oníwákàtí mẹ́wàá ò tó 300 MB. Òru ni mo máa ń gbà á, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti wà lórí fóònù, kò sí ohun tó kàn mí mọ́ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà tàbí kò sí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni mímọ ìgbà tó yẹ kí n tan ìwé. Bí mo bá mú sísọ́ọ̀sì dání, mo pa á nìyẹn. Léèsì olówó ńlá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọkàn méjì gé, íńṣì àti ìtàn a sì máa jà lórí. Ìdí ẹ̀rọ náà níwọ̀n: bí mo bá tẹ pẹ́dà, ariwo rẹ̀ a gbé gbólóhùn kan lọ, torí náà ìtàn tí kò le ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ lọ̀gá. Kí n máa fi abẹ́rẹ́ kó etí agbádá, kí n máa gán bọ́tìnnì, kí n máa tú aṣọ tí wọ́n rán tì níbòmíràn wá bá mi. Aṣọ títú yìí, tí mo kórìíra bí nǹkan míì, èmi ni mo ń wá a kiri báyìí, torí ìgbà yẹn ni mo lè gbọ́ ìwé ìtàn tó kún fún orúkọ àti ọdún láìsọnù.

Etí kan ṣoṣo ni mo máa ń ki íápíìsì sí, kí n lè gbọ́ oníbàárà. Ìyá kan bi mí irú orin tí mò ń gbọ́.

“Ìwé ni, mà.”

“Ìwé? Ta ló ń kà á?”

Ó ní ẹni tó bá fojú wo lẹ́tà nìkan ló kàwé. Mo ní mo ti gbọ́, mà, mo sì dá íápíìsì mi padà sétí.

Àwọn kan ń fọ́nnu pé ìlọ́po méjì ìyára làwọn fi ń gbọ́. Èmi ò lé ẹnikẹ́ni. Bí ahọ́n òyìnbó náà bá le, màá dín ìyára kù díẹ̀, bọ́tìnnì tó ń dá a padà sẹ́yìn sì wà níbẹ̀. Ìwé sítáì ṣì jẹ́ ti ojú ní tiwa.

Ìwé Yorùbá ló ṣọ̀wọ́n. Mo ní kí fóònù ka ọ̀kan fún mi, ó tẹ́ gbogbo ohùn pẹrẹsẹ, mo yáa pa á. Ni mo bá ń kà á fúnra mi sínú fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, orí kan lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi a sì gbọ́ ọ lórí spíkà bí a bá ń ṣe ojú bọ́tìnnì. Wọ́n ní mo máa ń yára jù níbi tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀.