Wákàtí Kan Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì: Ìrírí Mi Láti Èkó Dé Àbújá

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì mi pé bàálù yóò gbà láti Èkó dé Àbújá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú kí n tó débẹ̀, ìpàdé aago mẹ́rin tí mo torí rẹ̀ rìn sì ti tú ká. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé wọn kò parọ́ nípa ọ̀nà. Láti Ìkẹjà dé pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe fi díẹ̀ lé ní 500 kìlómítà lófurufú, nígbà tí ẹni tó bá gba Ọ̀rẹ̀, Benin, Auchi àti Lọ́kọ́ja yóò rìn ju 700 lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni bàálù ń lò lókè. Yíyí tó ń yí lórí ilẹ̀, kó tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀, ló gba ìyókù. Ti jíjókòó sí gbọ̀ngàn ni wọn kò kọ síbì kankan.

Bí a ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì àti bí a ṣe ń wọn ẹrù kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, n kò ní í fi ìyẹn dá yín dúró. Ìgbà tí a ti wọ gbọ̀ngàn tán ni bàálù ọ̀sán wa kò yọjú. Ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ọkọ̀ yín ti gbéra ní Àbújá, ó ń bọ̀.” Nígbà tó ṣe, ó tún sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tún sọ ọ́, títí bàbá àgbàlagbà kan fi bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?”

Mo béèrè nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bàálù náà, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N fún gbogbo ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà, mo sì wá a lórí Flightradar24, ìkànnì tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn. Ilẹ̀ Àbújá ló ṣì wà. Ọyẹ́ ti bo ibẹ̀ láàárọ̀, bàálù àkọ́kọ́ kò rí ojú ọ̀nà balẹ̀ lásìkò, bẹ́ẹ̀ bàálù kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí náà gbèsè àárọ̀ ni àwa èrò ọ̀sán ń san. N kò ní í purọ́, orí mi wú nígbà tí àwọn èrò yí fóònù mi ká. Mo tún ka ìlànà NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, fún wọn, pé bí ìdádúró bá ti kọjá wákàtí kan, ìpanu tọ́ sí èrò, bó bá sì kọjá wákàtí méjì, ó lè gba owó rẹ̀ padà. Bísíkíìtì àti omi dé kíá. Owó ni kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mìíràn ti wọ́n kọjá agbára mi, mo bá jókòó.

Lásìkò ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé yín ni kí ẹ lọ. Owó ilé ìtura alẹ́ kan kò tó ohun tí mo pàdánù. Ní ìyókù ọdún, bàálù ìdájí ló dára jù, nítorí Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn mọ́jú. Kí ẹ sì rántí pé nǹkan bí 40 kìlómítà ló ṣì kù láti pápákọ̀ wọ àárín ìlú, ìye tí awakọ̀ takisí sì ń pè lálẹ́ kì í ṣe tọ̀sán rárá.