Bí mo ṣe ṣọ́ ìtẹ́ àwòdì láti ìgbà ọyẹ́ títí di àkọ́rọ̀

Igi àràbà kan wà lẹ́yìn ilé tí mo háyà n'Íbàdàn. Láti bàákónì òkè ni mo ti ń wo orí rẹ̀. N kò gun igi, n kò sì sún mọ́ ọn, torí ẹyẹ tí a bá dà láàmú nígbà tó ń sàba lè kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé, bírò, àti awò kan tó ń sún ohun tó jìn mọ́ni ni mo ní. Mo ń jókòó láàárọ̀, mo tún ń jókòó nírọ̀lẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, kí ló ń sọ fún àwòdì pé ó tó àkókò láti yé ẹyin? Nígbà òjò, apá òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń lọ. Bí òjò bá dá, wọ́n á padà dé.

Lọ́tẹ̀ yìí, òjò kò tètè dá. Títí oṣù kọkànlá fi parí, tọkọtaya náà kàn ń rà bàbà lókè igi ni. Ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ mú gan-an, tí àràbà wọ́wé, tí àwọn àgbẹ̀ ń sun oko, ni mo tó rí ẹ̀ka igi àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Ibi tí èéfín bá ti rú ni wọ́n ń rọ́ lọ: tata, alángbá, eku, ohunkóhun tó bá ń sá fún iná ni oúnjẹ. Ọmọ méjì mẹ́ta kì í ṣe gbèsè kékeré, ẹyẹ kì í sì í jẹ ẹ́ láìrí ibi tí yóò ti san án.

Mo ṣe àṣìṣe kan. Mo rí i tó gbé nǹkan funfun, mo kọ "ẹran" sílẹ̀. Àṣé ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ni, ó fẹ́ lọ tẹ́ ẹ sínú ìtẹ́! Ní 2011, àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Doñana, ní Sípéènì, tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tó lágbára, tí ilẹ̀ ọdẹ wọn dára, ló ń tẹ́ ọ̀rá funfun jù, kí àwọn yòókù má bàa dán wọn wò.

N kò rí ẹyin. Àmọ́ ní oṣù kìíní, nígbà tí abo kò dìde mọ́, tí akọ ń gbé oúnjẹ wá fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, ó ń ya ẹran wẹ́wẹ́. Kò pẹ́, orí méjì yọ.

Ìjì àkọ́rọ̀ dé ní oṣù kẹta. Nígbà tílẹ̀ mọ́, orí kan ló kù. Ká ní òjò ti tètè dá ni, bóyá àwọn méjèèjì ì bá ti mọ fífò kí ìjì tó dé.

Èyí tó kù dúró létí ìtẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń na ìyẹ́, kò lọ. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀fúùfù ta á nídìí bí àwòdì tó ń re Ìbarà, ó bá lọ.