Bí a ṣe ń di ṣẹ́ẹ̀fù àti gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kó tó kúrò ní wíáháòsì

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Kàbbà níbí, mo wá ní kí n kọ ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílẹ̀. Nǹkan tí wọ́n fi ń tún inú ṣọ́ọ̀bù ṣe là ń kó, ṣẹ́ẹ̀fù onírin tó ní pẹpẹ tí wọ́n ń to ọjà sí, káúńtà, àpótí gíláàsì tí wọ́n ń to fóònù àti ìpara sí, irin tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó dì í, a ó gbé e sínú mọ́tò. Iṣẹ́ agbára ni lóòótọ́, àmọ́ kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ti gba wébíìlì, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ ẹrù tá a máa kó sí, ẹ má tíì gbé nǹkan kan. Ẹ jókòó kà á. Tí wọ́n bá kọ ṣẹ́ẹ̀fù 10 síbẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ògiri kan náà ni wọ́n máa tò ó mọ́ tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dá dúró, torí tó bá so pọ̀ mọ́ra, òpó 11 ló máa gbé gbogbo ẹ̀, àwọn méjì tó wà nítòsí ara wọn ń lo òpó kan pọ̀ ni, tó bá dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ẹ̀wẹ̀, 20 lẹ máa kó. Pẹpẹ márùn-ún ló wà lára ọ̀kan, ti ìsàlẹ̀ jókòó lórí ẹsẹ̀, mẹ́rin tó kù ló ń lo bíráákẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó ń gbé pẹpẹ dúró lára òpó, méjì méjì, ìyẹn 8. Ṣẹ́ẹ̀fù 10, bíráákẹ́ẹ̀tì 80. Irú èyí tí àwa ń kó, ó ní ti ọ̀tún, ó ní ti òsì, ẹ jọ̀ọ́, 40 ọ̀tún, 40 òsì ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má kà á pọ̀.

Ojú mi ló rí i. Ìgbà kan tá a gbé ẹrù lọ sí Ìṣánlú, èmi ni mo kà á, 80 pé pérépéré, mi ò wo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí. Àṣé 48 ni ti ọ̀tún, ti òsì sì jẹ́ 32. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti sọ fáwọn oníbàárà pé ọjọ́ Sátidé lòun máa ṣí, pẹpẹ 8 sì wà nílẹ̀ tí ò ṣeé gbé kọ́ ibì kankan, wọn ò bú mi o, wọ́n kàn rọra ń to agolo mílíìkì sórí páálí tó ṣófo. Ó dùn mí gan-an. Ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ padà lọ pẹ̀lú bíráákẹ́ẹ̀tì òsì 8 nínú báàgì.

Súkúrúù náà ńkọ́? Ẹ di ti ṣẹ́ẹ̀fù kọ̀ọ̀kan sínú náílọ̀n tiẹ̀, ẹ fi mẹ́rin lé e, ẹ so ó, ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tú. Ẹ má jù ú sínú páálí lásán, ńṣe ló máa bá ihò tín-ín-rín jáde lójú ọ̀nà.

Gíláàsì wá ni baba iṣẹ́. Èyí tó nípọn tó 6mm, tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1, kílò 30 ló wọ̀n, ẹni méjì ni kó gbé e, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀, ìdúró ni ká máa gbé e, ìdúró ni ká tọ́jú ẹ̀. Etí ẹ̀ ni ibi tó rọ jù, pàápàá ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí wọ́n fi iná se kó lè le, ẹ lè gbá a láàárín kó má ṣe nǹkan kan, àmọ́ tí ìgun ẹ̀ bá kan sìmẹ́ńtì báyìí, gbogbo ẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó lè gé irú ẹ̀ kúrú mọ́ tó bá ti kúrò nínú iná, tuntun la máa rà. Torí náà ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e dúró, ẹ fi páálí tẹ́ ẹ ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì wọ ìgun kọ̀ọ̀kan bíi fìlà, ẹ ki bébà sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí ẹ̀ yí ká, ibi tó bá ti ṣẹ́ díẹ̀ máa dán yàtọ̀. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kódà kí dírẹ́bà máa fọn fèrè.

Káúńtà onípákó ò le bẹ́ẹ̀. Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ara ẹ̀ tààrà, á bó o láwọ̀, ẹ fi náílọ̀n wé e kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Lásìkò òjò, ẹ wé ìdí ẹ̀ dáadáa, torí pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ yẹn, tó bá ti mumi ó ti wú nìyẹn, oòrùn ò lè dá a padà.

Tó bá kan kíkó sínú mọ́tò, ẹni tẹ́ ẹ máa já ẹrù fún gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó tiẹ̀. Tá a bá ń lọ Mọ̀pà, Ìṣánlú, Ẹgbẹ̀, ti Ẹgbẹ̀ ló ń wọlé ṣáájú, ti Mọ̀pà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òpó onírin nísàlẹ̀, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí etí ẹ̀ kọjú síwájú, tí dírẹ́bà bá tẹ búréèkì kó má dojú bolẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ara mọ́tò, ẹ fọwọ́ mì í, tó bá ṣì ń mì, ẹ tún un so, ẹ̀yin náà mọ bí gálọ́ọ̀pù ṣe pọ̀ tó lọ́nà wa. Tapólì ló kẹ́yìn.

Ẹ kọ nọ́ńbà sára páálí, 1 nínú 14, 2 nínú 14, kí ẹni tó ń gbà á lè kà á kó tó fọwọ́ sí wébíìlì. Láti ọjọ́ Ìṣánlú yẹn, mo tún máa ń fún dírẹ́bà ní náílọ̀n dúdú kékeré kan kó fi sábẹ́ àga ẹ̀, bíráákẹ́ẹ̀tì ọ̀tún méjì, òsì méjì, súkúrúù ẹ̀kúnwọ́ kan.