Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Plẹ́yà Blu-ray Tó Ń Gbé Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ènìyàn bá ń wá plẹ́yà Blu-ray, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka àwo fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ, tó sì dé ṣọ́ọ̀bù ní Alábà tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni, "Ṣé ó ń gbé Netflix?" Ọlọ́jà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì lè má parọ́: àmì rẹ̀ wà lára páálí, bọ́tìnnì rẹ̀ wà lára rìmóòtù. Ṣùgbọ́n páálí kì í sọ bóyá àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣì ń bójú tó sọ́fútíwíà rẹ̀. Níbẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Apá tó ń ka àwo àti apá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì kì í jọ gbó. Bí léńsì bá dára, plẹ́yà lè máa ka àwo fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i. Ti íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ àwọn tó ni áàpù. Ní oṣù Kẹrin 2015, YouTube ti ọ̀nà tí áàpù rẹ̀ àtijọ́ ń gbà wọlé pa, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti plẹ́yà Blu-ray tí wọ́n ti ṣe láti 2012 sẹ́yìn sì pàdánù rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2019, Netflix náà jáwọ́ lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan. Àwọn tó ń ṣe plẹ́yà gan-an ń dín kù: Oppo kúrò nídìí iṣẹ́ náà ní 2018, nígbà tó di 2019, Samsung ní òun ò ní gbé tuntun jáde fún ọjà Amẹ́ríkà mọ́. Ta ló máa wá jókòó tún áàpù wọn ṣe?

Nítorí náà, ẹ ra plẹ́yà nítorí àwo. Ẹ fi Netflix àti YouTube sílẹ̀ fún TV yín, tàbí fún stick kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò HDMI. Ọjọ́ tí Netflix bá lóun ò bá stick yẹn ṣe mọ́, òun nìkan lẹ máa pààrọ̀. Bí plẹ́yà bá ní áàpù tirẹ̀, ẹ kà á sí èènì. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kún owó nítorí rẹ̀.

Ríra plẹ́yà láìwo àwo tó wà nílé

Ẹ da àwo yín sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó jáde. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà nígbà tí àwo ṣì lòde kì í ṣe DVD rárá, VCD ni. Ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń wá ní àwo méjì: VCD kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Ẹ wo ara àwo náà dáadáa, ẹ lè rí àmì Compact Disc tí wọ́n kọ "Digital Video" sí abẹ́ rẹ̀. Plẹ́yà DVD olówó pọ́ọ́kú máa ń kà á. Àwọn Blu-ray olówó ńlá tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn kì í kà á. Ẹ má bi ọlọ́jà pé ṣé ó ń ka gbogbo àwo, torí ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Ẹ ṣí ìwé ìlò rẹ̀ síbi tí wọ́n to oríṣi àwo sí, kí ẹ wá "Video CD" níbẹ̀. Bí kò bá sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ plẹ́yà DVD àtijọ́ yín nù.

Àwọn mìíràn á ki àwo Blu-ray bọ plẹ́yà DVD, wọ́n á sì máa nu àwo, wọ́n á máa nu léńsì. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni léésà DVD, 650 nm (nanómítà, ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀). Ti Blu-ray jẹ́ 405 nm, ó tín-ín-rín ju tìyẹn lọ, àmì tó ń kà náà sì kéré púpọ̀. Kò sí ìnù tó máa yí ìyẹn padà.

Lẹ́yìn oríṣi àwo, ọ̀rọ̀ agbègbè (region) ló kàn, ìyẹn apá ayé tí wọ́n ṣe àwo àti plẹ́yà fún; bí ti méjèèjì ò bá bára mu, plẹ́yà lè kọ àwo. Nàìjíríà wà ní agbègbè 5 fún DVD, Amẹ́ríkà ní 1, Ìlú Ọba ní 2. Ẹ ó rí nọ́ńbà náà nínú àmì ayé kékeré lẹ́yìn páálí àwo. Lẹ́tà ni wọ́n ń lò fún Blu-ray: àwa àti Ìlú Ọba jọ wà ní B, Amẹ́ríkà wà ní A. Ìyẹn ni pé Blu-ray tí ẹ̀gbọ́n yín rà bọ̀ láti London á bá plẹ́yà B lọ, èyí tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti Houston sì lè kọ̀ jálẹ̀. Àwo 4K Ultra HD, ìyẹn Blu-ray tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti Blu-ray lásán lọ, ò ní agbègbè rárá. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé rìmóòtù lásán ni wọ́n fi ń ṣí agbègbè, òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ plẹ́yà DVD. Blu-ray le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n ṣí i níṣojú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún rántí ìlànà tí TV fi ń gbé àwòrán: PAL là ń lò níbí, NTSC ni ti Amẹ́ríkà. Plẹ́yà tó tibẹ̀ wá lè má gba DVD Ìlú Ọba bí wọ́n tilẹ̀ ti ṣí agbègbè rẹ̀.

Iná

Ohun tó ń pa plẹ́yà tòkunbọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ ka lébẹ̀lì. Bí wọ́n bá kọ "AC 110-240V, 50/60Hz", ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "120V 60Hz" nìkan, iná 230V ilé wa máa sun ibi tó ń gba iná sínú lójú ẹsẹ̀. Adápítọ̀ tí wọ́n ń tà létí títì kì í dín iná kù o. Ẹnu pílọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí padà. Step-down, ẹ̀rọ tó ń dín 230V kù sí 120V, lẹ nílò. Plẹ́yà kì í sábà jẹ ju 30W lọ, ti 100W tó o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ti 1000W fún yín.

Bóyá Eko Electric ló ń fún yín níná ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Ikeja Electric ní Ògbà, iná tó lọ tó sì padà kì í wọlé jẹ́jẹ́. Bí NEPA bá ti mú un, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì. Fífi rìmóòtù pa á kò tó, torí iná ṣì ń wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi rìmóòtù pa. Bí iná bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó dúró re kí ẹ tó kì í padà.

Èyí tó burú jù ni kí iná lọ nígbà tí plẹ́yà ń gba update. Lákòókò yẹn, ó ń nu sọ́fútíwíà àtijọ́ kúrò, ó ń kọ tuntun sí àyè rẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú lágbede méjì, kò sí ti àtijọ́, kò sí tuntun: ẹ ó tan án, àmì ilé-iṣẹ́ á hàn, kò ní lọ síwájú mọ́. Kódà ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ fi fa changeover sí jẹnẹrétọ̀ tó láti bà á jẹ́. Orí ínfátà tí bátìrì rẹ̀ kún tàbí orí UPS ni kí ẹ ti ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ gba USB ṣe é, ẹ fọ́máàtì fláàṣì sí FAT32, ẹ wa fáìlì tó bá nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì yín mu gẹ́lẹ́ jáde lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ sì gbé e síbi tí ìlànà wọn bá ní kó wà. Módẹ́ẹ̀lì tó jọ ọ́ kì í ṣe òun.

Wáyà àti ìṣètò

Wáyà yẹ́lò tó bá pupa àti funfun rìn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Àwòrán rẹ̀ kì í ju ti DVD lásán lọ; ẹni tó fi ra Blu-ray ti sanwó 1080p, DVD ló ń wò. HDMI ni kí ẹ lò. Fún 4K, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "Premium High Speed" sí, kó má gùn ju mítà 3 lọ. Ẹ tún wo ihò TV: lára àwọn TV kan, ihò kan tàbí méjì péré ló ní HDCP 2.2, ìyẹn ààbò tí fíìmù 4K ń béèrè kó tó hàn. Bí ẹ bá kì í sí òmíràn, ojú á dúdú tàbí àwòrán á wá ní 1080p, ẹ ó sì máa bú plẹ́yà.

Bí àwòrán bá wá ṣùgbọ́n tí ohùn kò wá, ó lè jẹ́ DTS, oríṣi ohùn kan tí wọ́n ń kọ sínú àwo, tí TV kan kì í gbà. Samsung, fún àpẹẹrẹ, ti yọ DTS kúrò lára TV rẹ̀ láti 2018. Ẹ wọ ìṣètò ohùn lórí plẹ́yà, kí ẹ yí "Digital Audio Output" kúrò ní "Bitstream" sí "PCM". Ìṣòro tí wọ́n ń torí ẹ̀ gbé plẹ́yà lọ fún olùtúnṣe nìyẹn o. Ní ti fíìmù àtijọ́ tí ojú gbogbo òṣèré fẹ̀, ẹ yí TV sí 4:3.

Wi-Fi ní ẹ̀tàn tirẹ̀. "Wi-Fi Built-in" ni pé ó wà nínú ẹ̀rọ. "Wi-Fi Ready" ni pé ẹ máa lọ ra dongle rẹ̀ (ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB) lọ́tọ̀. Dongle yẹn sì ti ṣòro rí fún àwọn módẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Ọ̀pọ̀ plẹ́yà kì í rí ju 2.4 GHz lọ, nítorí náà bí ráútà yín bá wà lórí 5 GHz nìkan, orúkọ rẹ̀ ò ní hàn. Nínú ilé tí MiFi pọ̀ bí ilẹ̀kùn yàrá, ẹ fi ráútà sí ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 tàbí 11, èyí tí èrò bá kéré sí. Bí àyè bá wà, wáyà LAN dára ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ ṣírò dátà kí ẹ tó jókòó. Netflix lè jẹ tó 3 GB ní wákàtí kan lórí HD, tó 7 GB lórí 4K. Fíìmù wákàtí méjì lè gbé 6 GB tàbí 14 GB lọ. Ẹ wọ àkántì yín lórí ìkànnì wọn, kí ẹ yan "Medium", kó má ju nǹkan bí 0.7 GB lọ ní wákàtí. Wọ́n ní 5 Mbps tó fún 1080p, 15 Mbps fún 4K. Alẹ́ ni kí ẹ wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì yín, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti wọlé. Bí áàpù bá kọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà, ẹ wo aago plẹ́yà. Bí déètì bá ṣì wà ní 2012, ìsopọ̀ tó láàbò ò ní gbà á wọlé.

Ní ti ìtọ́jú: ẹ má gbé e lé orí dẹ̀kódà tàbí amplifáyà tó ń gbóná. Ẹ nu àwo láti àárín bọ̀ sí etí, ní tààrà, láìyí i po. Ẹ má fi máklíìnì (ọṣẹ ìfọyín) nù ún.

Ó ku ìdánwò. Ẹ mú àwo tiyín dání lọ sọ́jà: VCD kan, DVD tí fíìmù inú rẹ̀ gùn, Blu-ray kan. Ẹ má wo ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. DVD oní-8.5 GB ní ìpele méjì, léésà sì gbọ́dọ̀ fo láti ìkíní sí ìkejì lágbede méjì fíìmù. Ibẹ̀ ni èyí tó ti rẹ̀ ti máa ń há. Ẹ fò lọ sí ìdajì, ẹ jẹ́ kó rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún fò lọ síparí. Bí àwòrán bá ń dúró, tàbí tí ẹ bá ń gbọ́ krr-krr nínú rẹ̀, ẹ dá a padà sórí káńtà. Bí ọlọ́jà bá ní kò sí iná, ẹ ní kó tan jẹnẹrétọ̀. Bó bá ní kò sí epo, ṣọ́ọ̀bù kejì ò jìnnà.