Kọ̀ǹpútà tí ẹ tò fúnra yín ń gbóná jù? Ẹ wo bí ooru ṣe ń gòkè kí ẹ tó ra kúlà

Fáànù ń pariwo, géèmù ń fà, nígbà mìíràn ẹ̀rọ á kú lójijì. Ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni kí wọ́n lọ ra kúlà tó tóbi, ìyẹn ohun atutù tó máa ń jókòó lórí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ẹ má tíì náwó. Bí ooru bá ṣe ń gòkè ló máa sọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ẹ gba HWiNFO64 sórí ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni. Nínú Sensors, ìlà tí ẹ ń wá ni "CPU Package" lára Intel, tàbí "Tctl/Tdie" lára AMD. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 láìṣe ohunkóhun, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Tó bá ti gbóná nígbà yẹn, ẹ wo Task Manager ná, bóyá ètò kan ló ń jẹ CPU lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tan Cinebench, ètò tó ń fún CPU níṣẹ́ líle, fún bíi ìṣẹ́jú 15, kí ojú yín má kúrò lára nọ́ńbà yẹn.

Tó bá fò láti 45°C dé 95 tàbí 100°C kí ẹ tó ka ení dé ẹẹ́wàá, kúlà kò lẹ̀ mọ́ CPU dáadáa nìyẹn. Tó bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, 70, 76, 82, tó wá dé 90°C nígbà tí ìṣẹ́jú 15 ń parí lọ, ó jọ pé kúlà ń ṣe tirẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló há sínú kéèsì. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì sílẹ̀, kí ẹ tún ìdánwò yẹn ṣe. Bí ooru bá fi 8 sí 10 dígírì wálẹ̀, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Bí kò bá mì, ẹ padà sídìí kúlà.

Kí ẹ má bàa ṣàìsùn lásán: Core i5-12400F, CPU Intel tí à ń lò fún àpẹẹrẹ níbí, kì í dín eré ara rẹ̀ kù títí ooru á fi dé 100°C. CPU Ryzen 7000 ní tirẹ̀, AMD ṣe é kó lè dúró lórí 95°C nígbà iṣẹ́ líle, kò túmọ̀ sí pé ó ń bàjẹ́. Ẹ sì má fi nọ́ńbà tiyín wé ti àwọn olóòtú YouTube tó jókòó sí yàrá 21°C. Bí yàrá bá fi dígírì kan gbóná sí i, CPU náà á fi bíi dígírì kan gbóná sí i. Yàrá tí kò ní AC n'Íbàdàn lóṣù Kẹta lè jẹ́ 33°C, ẹ yọ 12 kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wéra.

Ká gbà pé kúlà lẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ lo ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 5 kí thermal paste (ohun kíki tó ń gbé ooru láti ara CPU bọ́ sára kúlà) lè rọ̀, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná kí iná tó ṣẹ́kù lè tán. Kúlà tó bá 12400F wá nínú páálí ní ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin. Ẹ yí orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síbi tí ọfà tó wà lára rẹ̀ kọjú sí, kí ẹ fà á sókè. Ẹni tó ń lo CPU Ryzen tó ń wọ ojú ihò AM4 ti AMD gbọ́dọ̀ yí kúlà sọ́tùn-ún sósì kó tó gbé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, CPU lè bá a jáde kí pínnì rẹ̀ tẹ̀.

Ẹ dojú kúlà sókè, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ kúlà tí ẹ rà lọ́tọ̀, tí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà nídìí rẹ̀, ẹ ti mú olè. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí thermal paste bá nípọn lápá kan tó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì, kúlà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Ẹ fi isopropyl alcohol tó tó 90% àti aṣọ tí kì í tú òwú nu CPU àti ìdí kúlà títí wọ́n á fi dán. Paste tí ẹ fẹ́ fi sí i kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, láàárín gbùngbùn. Ẹ má fi ìka tẹ́ ẹ, kúlà fúnra rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́. Kó pọ̀ díẹ̀ sàn ju kó má tó lọ.

Kí ẹ tó dá kúlà padà, ẹ yí orí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lòdì sí ọfà títí wọ́n á fi dúró. Ẹ tẹ ọ̀kan, lẹ́yìn náà èyí tó wà ní igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ tó kan méjì yòókù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á ró "kọ́!". Ẹ má gba ohùn yẹn gbọ́ nìkan o. Ẹ wo ẹ̀yìn motherboard, pátákó tí CPU jókòó lé: nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ike tó là sí méjì gbọ́dọ̀ ti yọ síta pátápátá, kó ya ẹnu. Ẹyọ kan tí kò wọlé tán ti tó láti gbé CPU dé 100°C. Wáyà fáànù, ojú ihò tí wọ́n kọ CPU_FAN sí lára motherboard ni kẹ́ ẹ fi sí.

Ẹ ṣọ́ra fún kúlà tòkunbọ̀ ní Computer Village. Èyí tí wọ́n ṣe fún Intel ìran 10 àti 11 ní àlàfo ihò 75mm, ti ìran 12 sí 14 jẹ́ 78mm. Ẹni tó bá fipá mú un wọlé máa padà wá.

Kúlà ti dúró re, síbẹ̀ ó ń gbóná? Ọ̀pọ̀ motherboard máa ń tú ìjánu agbára sílẹ̀. Intel kọ 65W àti 117W fún 12400F. Ẹ wọ BIOS (ojú ìwé ètò motherboard tí ẹ máa ń wọ̀ kí Windows tó gbéra), kí ẹ fi PL1, ìjánu agbára ìgbà pípẹ́, sí 65, kí ẹ fi PL2, ti ìgbà díẹ̀, sí 117.

Ní ti afẹ́fẹ́, méjì níwájú tó ń fà wọlé àti ọ̀kan lẹ́yìn tó ń tú síta ti tó ilé. Lára fáànù kéèsì, ojú tí apá ike tó di àárín rẹ̀ mú wà ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ fi tíṣù dán an wò: níwájú, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ kéèsì, lẹ́yìn, kó fẹ́ sá lọ. Kéèsì tí wọ́n há mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí tí wọ́n fi aṣọ bò bíi tẹlifíṣọ̀n kò ní rí afẹ́fẹ́ fà.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fọ àwọ̀n iwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Tí ẹ bá fẹ́ fi blówà gbọn eruku inú, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì fi ìka di fáànù mú kó má yí. Eré tí blówà fi ń yí i lè ba bẹ́árìn rẹ̀ jẹ́.

Bó bá jẹ́ GPU, káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, ló ń gbóná, ẹ fi ètò MSI Afterburner dín Power Limit kù sí 80%. Ooru á wálẹ̀, eré tí ẹ máa pàdánù kò tó nǹkan.

Ti ẹ̀rọ tó ń kú lójijì ló kù. Ẹ jẹ́ kí HWiNFO máa kọ nọ́ńbà sínú fáìlì, nígbà tó bá kú, ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 62°C ni CPU wà, tí GPU náà kò gbóná, ooru kọ́. Ẹ wo PSU, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí NEPA mú iná lọ tí inverter ń gbà á ló ń kú, inverter ló pẹ́ kó tó gbà á: UPS ni kẹ́ ẹ rà.