STEP-NC kì í ṣe G-code tó gùn: àwọn àṣìṣe tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ohun tó ń dùn mí jù lọ láàárín àwa tó ń fi ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà gé irin ni kí ẹnìkan rí fáìlì STEP-NC kó ní, “G-code náà ni, ó kàn gùn sí i ni.” Rárá o. G-code, èdè àṣẹ tí a fi ń darí ẹ̀rọ, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1982 pẹ̀lú orúkọ ISO 6983, ibi tí ẹ̀rọ máa gbà ló ń sọ. STEP-NC, ìyẹn ISO 14649 àti ISO 10303-238, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe gan-an ló ń sọ: ihò wo, fífẹ̀ rẹ̀, jíjìn rẹ̀, irinṣẹ́ wo la máa fi gé e, èwo la máa kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀gá kan ní Àjàṣẹ́ fẹ́ ṣe ilé roulement 6204 (òrùka irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí láìfagbára) fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Kétu. Òde roulement yẹn jẹ́ mílímítà 47. Bí wọ́n bá ní kí ihò náà jẹ́ H7, àmì tó ń sọ bí ìwọ̀n ihò ṣe lè yàtọ̀ tó, kò gbọdọ̀ dín sí 47, kò sì gbọdọ̀ ju 47.025 lọ. Fraise (irinṣẹ́ tó ń yí láti gé irin) mílímítà 10 ni ọ̀gá fẹ́ lò, nítorí náà àárín fraise yóò máa yí po ní mílímítà 18.5 sí àárín ihò. Bí kò bá lo G41, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣírò ìwọ̀n fraise mọ́ ọ̀nà, 18.5 yẹn ni G-code rẹ̀ ń gbé dání. Nígbà tó yá, wọ́n pọ́n fraise, ó ku 9.8. Ẹ̀rọ ṣì tẹ̀lé 18.5, ihò di 46.8, roulement kò wọlé. Ẹni tó bá wá ṣí fáìlì náà láti wá ẹ̀bi rẹ̀ kò ní rí 47 níbì kankan.

Nínú STEP-NC, 47 wà níbẹ̀, H7 náà wà níbẹ̀, fraise sì ní ààyè tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má rò pé fáìlì máa dá ara rẹ̀ tún ṣe. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ti ṣírò tẹ́lẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí fraise bá yí padà, sọ́fítíwià ló gbọ́dọ̀ tún un ṣírò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín ṣe é lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Fáìlì .stp tí oníbàárà fi ránṣẹ́ ńkọ́? AP203, AP214 tàbí AP242, àwọn ẹ̀ka ìlànà STEP (ISO 10303), ni ó sábà máa ń jẹ́, bí ohun náà ṣe rí ni wọ́n sì ń sọ. AP238, ìyẹn ISO 10303-238 tí mo dárúkọ lókè, tó kọ́kọ́ jáde ní 2007, ló fi iṣẹ́ gígé kún un.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pàápàá àwọn àlòkù, G-code nìkan ni wọ́n gbọ́, nítorí náà ẹ máa ní láti yí STEP-NC padà sí i. Kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹ yí i tán kí ẹ wá pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. G-code tí ẹ ṣe fún ẹ̀rọ Àjàṣẹ́ lè má bá ẹ̀rọ tó wà ní Sábẹ́ mu rárá, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí H7 tó wà nínú fáìlì fi ìwọ̀n sílẹ̀. Fáìlì kò lè mọ̀ bóyá ọmọṣẹ́ ti di irin náà mú dáadáa. Ẹ wọn ihò àkọ́kọ́ nígbà tí irin ṣì wà nínú étau, ohun tó dì í mú lórí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ti tú u kúrò, àti dá a padà sí ojú kan náà kò rọrùn.