Bí mo ṣe rí àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé kò mú jáde

Mo lọ wá ìtàn ilé àtijọ́ kan ní ibì kan tí ilé-ìkàwé àti ibi ìpamọ́ ìtàn àdúgbò ti wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Mo tẹ orúkọ òpópónà tí ilé náà wà sínú kọ̀ǹpútà, pàbó ló já sí.

Ohun tó tú u ni pé ètò àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Ilé-ìkàwé ń to ìwé nípa kókó ọ̀rọ̀; nínú ètò Dewey, tó ń fi nọ́ńbà to ìwé, tó sì jáde lọ́dún 1876, ìtàn wà ní abẹ́ nọ́ńbà 900. Ibi ìpamọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì tàbí ẹni tó kọ ìwé ni wọ́n fi ń tò ó, wọn kì í sì í da ti ọ́fíìsì kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn. Ìbéèrè tó yẹ, nígbà náà, ni: ta ló ń kọ orúkọ àwọn onílé sílẹ̀? Àwọn agbowó-orí ni. Mo ní kí olùtọ́jú fún mi ní ìwé atọ́ka àkójọ owó-orí ilé. Ibẹ̀ ni mo ti bá òpópónà náà, lábẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ ṣáájú kí ẹ tó lọ, torí inú yàrá tí wọ́n ń tì pa ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú dání, ẹ fi bírò sílẹ̀. Inú mi dùn gan-an: orúkọ àwọn ayálégbé tí n kò rí nínú ìwé ìtàn kankan ló kún inú àkọsílẹ̀ náà.